Má Já A Gbà Lẹ́nu Ọmọ

Ọ̀rọ̀ inú ilé ni ẹ ní kí n wá sọ: bí a ṣe ń fi sùúrù kọ́ ọmọ kékeré ní ìwé kíkà.

Inú ilé náà ló kúkú ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn yìí. Ní 1853, Anna Hinderer àti David ọkọ rẹ̀, àwọn míṣọ́nnárì, wá tẹ̀dó síbí. Kúdẹ̀tì ni wọ́n kọ́lé sí lẹ́yìn náà. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ọ́ fa ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé wọn lọ́wọ́. Ìlú ológun ni Ìbàdàn nígbà náà; ìjòyè tó lè yọ̀ǹda ọmọ fún ìwé kò pọ̀. Anna fúnra rẹ̀ kò tíì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Bó ṣe ń kọ́ ọmọ ní lẹ́tà ni òun náà ń kọ́ èdè lẹ́nu àwọn tó yí i ká. Lójú tèmi, ohun tó mú iṣẹ́ yẹn yọrí nìyẹn: kò sẹ́ni tó lè kánjú mọ́ ẹnì kejì. Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí, ìyà jẹ wọ́n gidi, síbẹ̀ ilé-ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ kò kú. Samuel Johnson tó wá kọ ìtàn Yorùbá gba ọwọ́ wọn kọjá.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ọ̀pọ̀ ìyá ni kò dá lẹ́tà kan mọ̀. Ìyá á máa ṣa ẹ̀wà, á ní, "Kàwé rẹ kí n gbọ́." Ọmọ á máa wọ́ ọ̀rọ̀ nílẹ̀ lórí ìwé Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ. Ìyá ò lè já a gbà lẹ́nu ọmọ, torí kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Àfi kó dúró. Àwa tá a mọ̀wé gan-an ni wàhálà.

Mo rí ọmọ kan tó ń kàwé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Àwòrán ajá wà lójú ewé, wọ́n kọ "ajá" sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ pe "a", ó pe "já", ó gbójú wo àwòrán, ó ní: "Bíńgò!" Bàbá ti gbọ́wọ́ sókè. Ìyá àgbà ló na àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán náà, kò sì sọ nǹkan kan. Ọmọ padà sórí lẹ́tà, ètè rẹ̀ ń mì, ó dákẹ́ (ẹni tí kò bá jókòó ti ọmọ rí kò mọ bí irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń gùn), ó wá ní, "A-já. Ajá!" Ọmọ yẹn ò ya òpè. Àwòrán ló gbà gbọ́, kò tíì gba lẹ́tà gbọ́ ni.

Lẹ́tà Yorùbá, 25 péré, kì í sì í tan ọmọ jẹ: "a" inú ajá náà ni "a" inú ata. Ẹ wo ti Gẹ̀ẹ́sì, "a" inú "cat" kọ́ ni ti inú "cake". Ẹ ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ríṣẹ́. Ìbẹ̀rù yìí ló ń lé wa léré. Láti 1970, Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dán an wò ní ilé-ìwé St. Stephen's, Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n wá ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù. Nígbà tí wọ́n parí, wọn ò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Tí ẹ bá délé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìwé kíkà tó lálẹ́. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n. Bí ọmọ bá há sórí ọ̀rọ̀, ẹ ka ení dé ẹ̀wá nínú yín kí ẹ tó lanu. Bó bá ti ń yán, ẹ pa ìwé dé, kódà kó ku ìlà kan. Ẹni tó bá ní òun ò rí ìwé Yorùbá rà, bí a bá ti dìde níbí, kó bá mi kálọ sí ìsọ̀ ìwé lójú ọ̀nà Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀.