Ìyípadà Ìgbé-Ayé àti Ilẹ̀ Agége
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Maryland, Ìkẹjà

 

Ẹgbẹ́ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe lè yí ìgbé-ayé rẹ̀ padà. Olùkọ́ ni wá. A kò ní oògùn ìyípadà lápò. Ẹni tí ó bá ń gba ojú ọ̀nà Ìkòròdú kọjá yóò ti rí àwọn pátákó tí ń pe ènìyàn sí gbọ̀ngàn, pé kí wọ́n wá gbọ́ bí wọn yóò ṣe di ẹni tuntun láàárín ọjọ́ mẹ́ta. A kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀rọ̀ ìwúrí dára, ó ń gbé ọkàn sókè. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta kéré.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008, oúnjẹ bọ́ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó sì bọ́ lẹ́nu olóúnjẹ tí ń tajà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ti kógbá wọlé ṣáájú, òmíràn sì tẹ̀ lé e. Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, a mọ àwọn tí irú rẹ̀ bá. Wọn kò wá sí ìpàdé mọ́. Owó ẹgbẹ́ ti gorí ara wọn. Bí ọdún ìlú bá dé, wọn kì í lọ sílé. Bí a bá sì ṣe kòńgẹ́ wọn lọ́jà Agége, wọn a yà sí ẹ̀yìn ìsọ̀. Àìlówó ń pọ́n wọn lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú ni ó sé wọn mọ́lé.

Irú ìṣubú bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí àgbègbè yìí. A bí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ James Pinson Labulo Davies ní Sàró ní 1828, ọmọ àwọn Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú. Ó ṣe olùkọ́, ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ó di ọ̀gá ọkọ̀, ó sì wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó ní 1856, ó di oníṣòwò ńlá. Nígbà tí a dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, owó rẹ̀ wà níbẹ̀. Ní 1862, ó gbé Sarah Forbes Bonetta, ẹni tí Ọbabìnrin Victoria ń tọ́jú, níyàwó ní Brighton. Lẹ́yìn náà ni òwò dàrú. Gbèsè yí i ká, wọ́n gbé e dé kóòtù, a sì kéde ní 1876 pé kò ní ohun tí yóò fi san án. Ní 1880, ikọ́ ẹ̀gbẹ pa ìyàwó rẹ̀ ní Madeira. Ọkùnrin náà ti lé ní ẹni 50 ọdún.

Ó kọjú sí igbó. Ní nǹkan bí 1880, ní Ìjọn, lẹ́bàá Agége, ó gbin kòkó tí irúgbìn rẹ̀ ti erékùṣù Fernando Po wá, èyí tí à ń pè ní Bioko lónìí. Kòkó ayé ìgbà náà kì í so kí ó tó tó ọdún 4 tàbí 5. Ní Ìjọn náà ni ó gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún aya rẹ̀. A fẹ́ràn èyí púpọ̀: kò fi ọ̀fọ̀ rẹ̀ pamọ́, kò sì jẹ́ kí ó dí òun lọ́wọ́ iṣẹ́.

Àwọn mìíràn tọ ọ̀nà kan náà. Jacob Kehinde Coker, tí a bí ní 1866, oníṣòwò Èkó ni. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ń gba ọjà mọ́ àwọn oníṣòwò dúdú lọ́wọ́, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ di àgbẹ̀ oníkòkó àti olóbì. Oko rẹ̀ wà ní Ìfàkò. Ní 1907, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Àgbẹ̀ Agége sílẹ̀.

A mọ̀ pé ẹnìkan yóò wí pé Davies ní ojúlùmọ̀, Coker ní ilẹ̀. Òótọ́ ni. Nítorí náà ni ó ṣe jẹ́ pé àwọn alágbàṣe oko wọn ni ó wù wá jù, bí ìwé kò tilẹ̀ kọ orúkọ wọn. Láti ilẹ̀ òkè ni wọ́n ti wá. Owó ni wọ́n bá wá, láti san gbèsè tàbí láti fẹ́ ìyàwó. Bí wọ́n ti ń ro oko olóko ni ojú wọn ń ríran: bí a ti ń tọ́ ọ̀gbìn lábẹ́ ìbòji, bí a ti ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo èso rẹ̀ fún ọjọ́ bí 5 tàbí 6 kí a tó sá a sóòrùn. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, wọ́n di irúgbìn mọ́ ẹrù. Irú wọn wà lára àwọn tí ó sọ ilẹ̀ Yorùbá di ilẹ̀ kòkó. Ẹni tí ó ti ilé jáde bí alágbàṣe padà di olóko. Owó kòkó sì wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, èyí tí púpọ̀ nínú àwọn òbí wa fi mọ̀wé. Ìjọba yẹn kan náà ni ó la àgbègbè ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967.

Oko tí wọn yóò ti kọ́ṣẹ́ ni àwọn alágbàṣe wọ̀nyí rí. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa pèsè irú rẹ̀. Bí a bá dá owó fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní ju oṣù 2 lọ. A bẹ ilé kí ẹ kọ́kọ́ pa owó ẹgbẹ́ tí wọ́n jẹ rẹ́, kí wọ́n lè wọlé láìbojú. Lẹ́yìn náà, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà ní Ògbà. Òmíràn ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ìyá wa kan sì ń sin adìẹ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbà láti kọ́ ènìyàn láìgba owó ìkọ́ṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ó ṣòro sọ. Ẹni tí yóò kọ́ṣẹ́ lè jẹ́ ẹni 45 ọdún, kí ọ̀gá rẹ̀ má sì tíì pé 30. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ má ṣe rán ẹ̀gbọ́n yín lọ ra ẹ̀kọ, ẹ má sì pè é lórúkọ lásán níwájú oníbàárà. Bọ̀dá ni kí ẹ máa pè é. Bí ó bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ tó bá a wí. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n náà, bí ọmọdé bá ní irin náà kò tíì jó dáadáa, ẹ jó o lẹ́ẹ̀kejì.

Akọ̀wé ti ní ìwé lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ dìde láwùjọ, kí ó bá a lẹ́yìn ìpàdé, tàbí kí ó rán ìyàwó rẹ̀ sí i. Àwọn ọ̀gá ní ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀ ni kí ẹni àkọ́kọ́ dé, ní agogo 8 òwúrọ̀.