Àwọn Ẹgbẹ́ Wa Tó Wà ní Gánà

(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi àjọyọ̀ ọdún kẹwàá)

   Àwọn alásè ti ń wò wá lójú, a ò ní pẹ́ rárá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìgbìmọ̀ ní ká gbé síwájú yín. Ẹ ṣí ìwé yìí sí ẹ̀yìn, ẹ wo orúkọ wa. Gbogbo wa tí wọ́n bí láàárín ọdún 1970 sí 1972 ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà níbẹ̀. A kà á, a tún un kà, kò pé. Àwọn kan wà tí a jọ wọ ilé-ìwé girama lọ́dún 1982, tí a jọ gbálẹ̀ kíláàsì, tí a jọ jẹ pàṣán ní ọjọ́ kan náà, tí orúkọ wọn kò sí níbẹ̀. Ọmọ àwọn tíṣà Gánà ni wọ́n.

Ẹ̀yin ọmọdé tó wà níjókòó lè má mọ bó ṣe rí. Lọ́dún 1979 tí ìjọba Olóyè Bọ́lá Ìgè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, ilé-ìwé girama ń hù bí olú. Ọmọ pọ̀, tíṣà ò tó. Owó epo rọ̀bì wà lọ́dọ̀ tiwa nígbà náà, ọrọ̀ ajé Gánà sì ti dẹnu kọlẹ̀, bí ọ̀pọ̀ tíṣà wọn ṣe kó ẹbí wá nìyẹn. Àwọn ló kọ́ wa ní ìṣirò àti físíìsì, àwọn kan kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ilé tíṣà tó wà lẹ́yìn pápá ilé-ìwé wa, ìlú kékeré kan ni. Yàrá méjì-méjì ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé ibẹ̀ mọ ara wọn ju bí àwa ará agboolé kan náà ṣe mọ ara wa lọ. Ní Sátidé, àwọn ìyàwó á máa di kẹ́ńkè sínú háhá àgbàdo, àwọn ọkọ á máa ta dáráfù lábẹ́ igi máńgòrò, àwa ọmọ á máa gbá bọ́ọ̀lù. Twi tí a gbọ́ níbẹ̀ kò kúrò lẹ́nu wa títí dòní.

Ìlú wa náà kì í ṣe àjèjì sí Gánà. Àwọn òbí wa ti ṣòwò ní Tamale, ní Kumasi, ní Accra, títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá àgbà kan ní agboolé wa wà nínú wọn. Kumasi ló ti ń ta aṣọ. Òun ló máa ń bá ìyàwó tíṣà ìṣirò wa fi Twi nájà, tí gbogbo ọjà á máa wò wọ́n.

Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Alhaji Shehu Shagari náà kéde tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kan náà ni. Àwọn tíṣà kọ́ ló kọ́kọ́ lọ, ìkéde náà yọ òṣìṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Àwọn ṣóbàtà àti bíríkìlà ló kọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú báàgì onílà-onílà tí gbogbo ayé ń pè ní "Ghana Must Go" títí dòní. Àwọn tó bá a lọ nígbà náà kò rí ọ̀nà tó dán: ẹnubodè Gánà àti Tógò wà ní títì, ọ̀pọ̀ há sí Kùtọnu, ọ̀dá àti iná igbó sì jẹ oko run ní Gánà lọ́dún náà. Nígbà tí owó oṣù wá ń fẹsẹ̀ falẹ̀, tí ìjọba ológun tún lé àjèjì lẹ́ẹ̀kejì lọ́dún 1985, ilé tíṣà tú.

Ìyá àgbà yẹn ló kọ́ ìyàwó tíṣà bí wọ́n ṣe ń di ẹrù. "Ìkòkò wúwo, fi í sílẹ̀. Ìwé àwọn ọmọ ni kó o kọ́kọ́ dì. Owó, rán an mọ́ etí ìró." Kò sọ ẹni tó lé òun ní tirẹ̀. Òun àti obìnrin náà ni wọ́n jọ lọ sí gáréèjì.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn ni àwọn kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn. Ẹnì kan mọ ẹnì kan, fóònù ń lọ, fóònù ń bọ̀, a rí mẹ́fà. Mẹ́ta nínú wa wọ ọkọ̀ láti Sẹ̀mẹ̀ gba Kùtọnu, Lomé àti Aflao dé Kumasi. A bá tíṣà ìṣirò wa nílé. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dùn ún. Kí a tó jókòó dáadáa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe rẹ́jísítà kíláàsì wa láti orí, a ń dáhùn "Yes sir" bí ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó pe orúkọ ẹnì kan, a dákẹ́. Ó tún un pè. A ní, "Sà, ó ti kú." Bàbá ní ẹni tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé ni, àbí? Òun ni.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wa ńkọ́? Oṣù mẹ́rin péré ni wọ́n ti sin ín kí a tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló yọ̀ mọ́ wa, ẹ jẹ́ ká sọ èyí náà. Ọ̀rẹ́ wa kan ní Accra gbé fóònù, ó kí wa dáadáa, ó ní òun ò fẹ́ máa rántí ìgbà yẹn. Ohun tó kù sí i lọ́kàn kì í ṣe bọ́ọ̀lù, ariwo tí àwọn èèyàn pa lé wọn lórí ní gáréèjì ni. A ò bá a jiyàn. A fi nọ́ńbà wa sílẹ̀.

Nínú ìpàdé, àwọn kan ní òfin ẹgbẹ́ sọ pé ọmọ ìlú nìkan ni. Bẹ́ẹ̀ ló kọ ọ́. Ẹlòmíràn ní àwọn ará Gánà ló kọ́kọ́ lé àwọn bàbá wa. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1969, wọn ò tíì bí ẹnì kankan nínú wa, wọn ò sì tíì bí àwọn náà. Ní báńkì tí a ti ń jẹun, àkáǹtì tí olówó rẹ̀ kò fọwọ́ kàn fún ìgbà pípẹ́, a máa ń ní ó ti sùn ni. Kò kú. Kọ́bọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ ti olówó rẹ̀. Ọjọ́ tí olówó bá dé tòun ti ìwé ìdánimọ̀, a ó jí i. Akọ̀wé báńkì tó bá ní òun ti pa orúkọ oníbàárà rẹ́ nítorí pé kò yọjú, ilé ló ń lọ.

Ohun tí ìgbìmọ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀ dìbò pé kí orúkọ wọn wọ ìwé ẹgbẹ́, kí a sì dáwó ọkọ̀ tíṣà ìṣirò wa àti ọmọ rẹ̀ tí yóò tẹ̀ lé e. Bàbá ní òun fẹ́ rí pápá yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Dókítà rẹ̀ ní kó má pẹ́ púpọ̀ kó tó rin ìrìn àjò náà. Akápò wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìwé rẹ́sítì.

Ẹni tó bá sì ní fọ́tò kíláàsì láti ọdún 1982 sí 1985, kódà tí ikán ti jẹ etí rẹ̀, kó jọ̀wọ́ fún akọ̀wé kó tó lọ sílé. A ó ya ẹ̀dà rẹ̀, a ó dá a padà.