Nígbà tí Ẹ̀ṣọ́ Ara Bá Kọjú Ìjà sí Ọpọlọ

Ọ̀rọ̀ àìsàn ọpọlọ ni mo bá wá lónìí, ìtàn obìnrin kan ni mo sì fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 2009, Susannah Cahalan, ọmọ ọdún 24, jẹ́ akọ̀ròyìn ní New York. Ó kọ́kọ́ ní ìdun ń jẹ òun, bẹ́ẹ̀ wọn ò rí ìdun kankan. Lẹ́yìn náà, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kú lápá òsì. Gìrì mú un, ó sì ń fura sí bàbá tó bí i lọ́mọ. Dókítà kan ní ọtí ló ń mu jù. Nígbà tí Dókítà Souhel Najjar dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bébà àti bírò ló gbé fún un, ó ní kó ya aago. Ó ya òbíríkítí, ó wá kó nọ́ńbà 1 títí dé 12 jọ sí apá ọ̀tún nìkan. Apá òsì ṣófo. Èyí ló jẹ́ kí dókítà mọ̀ pé apá ọ̀tún ọpọlọ rẹ̀, tó ń darí òsì, ló ń ṣàìsàn.

Onímọ̀ ìṣègùn Josep Dalmau àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣàlàyé àrùn tó mú Susannah yìí ṣáájú, ní 2007. Bí sójà ni àǹtíbọ́dì ṣe ń ṣọ́ ara wa, kòkòrò àìsàn ló sì yẹ kó máa bá jà. Nínú àrùn yìí, ó ṣi ọ̀tá mọ̀: ó kọlu NMDA, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ti ń gba iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì mìíràn rán sí i. Obìnrin 12 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé nípa wọn. Gbogbo wọn ló ní kókó nínú ara, inú ilé ẹyin ni ti ọ̀pọ̀ wọn wà. Irú kókó bẹ́ẹ̀ a máa ní ẹran tó jọ ti ọpọlọ nínú. Ara ń bá kókó jà, ìjà náà sì ràn dé orí. Wọ́n fún Susannah ní oògùn tó rọ àǹtíbọ́dì náà lọ́wọ́, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún yẹn kan náà.

Ṣé schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí ènìyàn máa gbọ́ tàbí rí ohun tí kò sí, nìyẹn? Rárá o. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì súnmọ́ra. Ketamine, oògùn akunnilóorun, a máa dí NMDA yìí kan náà, ẹni tó bá sì gbà á lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ní 2014, àwọn onímọ̀ káàkiri ayé yẹ jíìnì ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn wò, ìyẹn àbùdá tí ọmọ ń jogún. Wọ́n rí ibi 108 nínú àbùdá náà tó bá schizophrenia tan, èyí tó lágbára jù nínú wọn sì wà láàárín àwọn jíìnì ẹ̀ṣọ́ ara. Ní 2016, Steven McCarroll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tọ́ka sí jíìnì C4. Iṣẹ́ C4 ni láti sàmì sí ohun tí ẹ̀ṣọ́ ara yóò jẹ run. Nínú ọpọlọ, ó ń sàmì sí oríkèé tó so sẹ́ẹ̀lì pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì. Bí ọmọ bá ń bàlágà, ọpọlọ a máa gé oríkèé tí kò wúlò kúrò. Èrò àwọn onímọ̀ náà ni pé C4 tó bá pọ̀ jù lè mú kí gígé náà kọjá ààlà. Ìparí ìgbà ọ̀dọ́langba àti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà àgbà ni schizophrenia sábà máa ń yọjú.

Ìwòsàn schizophrenia kò tíì dé láti ọ̀nà ẹ̀ṣọ́ ara yìí. Wọ́n dán minocycline, oògùn tí wọ́n rò pé yóò tu ọpọlọ lára, wò fún àwọn aláìsàn schizophrenia ní ilẹ̀ Bírítéènì. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018, kò ṣe nǹkan kan. Síbẹ̀, mi ò gbà pé a lè máa sọ̀rọ̀ àìsàn yìí mọ́ bí ẹni pé kò kan ara.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín. Bí orí ọmọ bá ṣàdédé dàrú láàárín ọjọ́ mélòó kan, pàápàá bí ibà tàbí orí fífọ́ bá ṣáájú, tí gìrì ń mú un, tí ẹnu rẹ̀ ń mì fúnra rẹ̀, ẹ má fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹ sì ròyìn bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún dókítà lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tó bá sì ti ń lo oògùn schizophrenia, kó má torí ọ̀rọ̀ mi yìí dá a dúró.