Láti Orí Pápá sí Ipò Olùkọ́ni
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Mazamaza, Èkó)

 

Iṣẹ́ wo ni ó kù fún agbábọ́ọ̀lù nígbà tí ẹsẹ̀ bá kọ eré? Stephen Keshi ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n Èkó níbí ni ó ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ St. Finbarr's. Nígbà tí àjọ tí ń ṣe àkóso bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa dá a dúró, kò káwọ́ gbera. Ó kọjá sí Abidjan ní 1985, ó sì ti ibẹ̀ dé Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tí òun àti ẹgbẹ́ Anderlecht ti gba ife líìgì ní 1991. Ní 1994, òun ni balógun ẹgbẹ́ Nàìjíríà tí ó gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Tunis.

Lẹ́yìn òkìkí yìí ni ó lọ sí Amẹ́ríkà, tí ó tún di akẹ́kọ̀ọ́ nítorí iṣẹ́ olùkọ́ni. Ohun tí ó wú mi lórí jù nìyí. Àwa olùkọ́ mọ̀ pé ẹni tí ó mọ ìṣirò lè má mọ bí a ti í kọ́ ọmọdé ní ìṣirò. Àyè tirẹ̀ ni agbábọ́ọ̀lù ń ṣọ́. Olùkọ́ni ní láti mọ ti ẹni mọ́kànlá, kí ó mọ ẹni tí ń fi ìrora pamọ́, kí ó sì láyà láti sọ fún gbajúmọ̀ pé kí ó jókòó.

Ó mú Tógò yege fún Ife Àgbáyé 2006, èyí tí wọn kò dé rí. Kí wọ́n tó lọ sí Jámánì, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó kọ́lé tán, wọn kò pè é sí ìṣílé. Kò tìtorí èyí fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì, 2013, ní Johannesburg, Nàìjíríà tí ó ń kọ́ fi góòlù kan ṣoṣo borí Burkina Faso. Sunday Mba, tí ń gbá bọ́ọ̀lù nílé níbí, ni ó gbá a wọlé. Mahmoud El-Gohary ará Íjíbítì nìkan ni ó ti gba ife náà ṣáájú rẹ̀ bí agbábọ́ọ̀lù àti bí olùkọ́ni. Keshi kú ní 2016.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú wa tí orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́. Ní gbogbo Sátidé ni ó ń kó àwọn ọmọ wa jọ, tí ó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù, láìgba kọ́bọ̀. Àwọn kan ti wí pé ti ẹni tí yóò di dókítà tàbí lọ́yà nìkan ni owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ wa. N kò gbà bẹ́ẹ̀. National Institute for Sports wà ní Sùúrùlérè, kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí, ibẹ̀ ni a sì ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ni eré ìdárayá. Ẹ jẹ́ kí a rán an lọ. Mo ti fi ìwé ìbéèrè rẹ̀ lé akọ̀wé lọ́wọ́, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ dìbò lé e lórí kí ìpàdé òní tó túká.