Jẹ́lé-ó-sinmi: Bí Ilé Bá Sinmi, Ta Ni Ń Tọ́ Ọmọ?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ́ ti àwọn tí kò lè dìde sọ̀rọ̀ fún ara wọn nínú ìpàdé: àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wa, láti orí èyí tí ń rákòrò títí dé èyí tí ó pé ọdún márùn-ún.

Gbogbo wa ni a mọ ilé tí a ń kó wọn lọ ní òwúrọ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi kò parọ́. Ọmọ tí ń da omi nù, tí ń fa ìró ìyá rẹ̀, tí kò jẹ́ kí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ rí àyè mí, òun ni a mú lọ kí ilé lè sinmi. Ṣùgbọ́n orúkọ náà sọ ti ilé, kò sọ ti ọmọ. Nítorí náà ni mo ṣe ń béèrè pé: nígbà tí ilé bá ń sinmi, kí ni a ń ṣe fún ọmọ níbi tí a fi í sí?

Ní àtijọ́, agboolé ni jẹ́lé-ó-sinmi wa. Bí ìyá bá lọ sí oko tàbí ọjà, ìyá àgbà ń bẹ nílé, ẹ̀gbọ́n ń pọn àbúrò, ìyàwó ilé sì ń fún ọmọ ní ẹ̀kọ mu. A ń ki ọmọ ní oríkì kí ó tó lè pe orúkọ ara rẹ̀. A ń pa àlọ́ létí rẹ̀ kí ó tó mọ ìtumọ̀ àlọ́. Ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó: òwe yìí kì í ṣe àsọdùn nígbà náà.

Kì í ṣe ìwà búburú ẹnikẹ́ni ni ó tú ètò yìí ká. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Jánúárì ọdún 1955, ẹ̀gbọ́n tí ìbá máa pọn àbúrò di ọmọ ilé-ìwé. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí ń gbé ọmọ ti lọ. Ìyá di olùkọ́, ó di nọ́ọ̀sì, ó di akọ̀wé. Ìyá àgbà pàápàá ń tajà, tàbí kí ó wà ní ìlú mìíràn. Ẹni tí ó bá ní kí a ti jẹ́lé-ó-sinmi pa, kí olúkúlùkù ìyá jókòó sílé, kò tíì wo ojú ayé. Ohun tí ó kù fún wa ni kí a mọ èyí tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára.

Ẹ jẹ́ kí a wo orísun rẹ̀. Friedrich Froebel, ará Jámánì, dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Bad Blankenburg ní ọdún 1837. Ní ọdún 1840 ó sọ ọ́ ní ọgbà àwọn ọmọdé, nítorí ó gbà pé bí olóko ti ń tọ́jú irúgbìn ni ó yẹ kí a tọ́jú ọmọ, àti pé eré ni iṣẹ́ ọmọdé. Ní ọdún 1907, Maria Montessori, dókítà obìnrin ará Ítálì, ṣí Ilé Àwọn Ọmọdé ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn tálákà ní Róòmù, fún ọmọ àwọn tí ń lọ síbi iṣẹ́. Ní ọdún 1914, Margaret McMillan àti Rachel ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣí tiwọn ní Deptford ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń wẹ ọmọ, tí wọ́n ń bọ́ ọ, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí ó ṣeré, kí ó sì sùn nínú afẹ́fẹ́ tí ó mọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó bẹ̀rẹ̀ nítorí kí ọmọ ọdún méjì lè máa ka A, B, D fún àlejò.

Báwo wá ni ilé tí ó dára ṣe ń tọ́jú ọmọ? Èkíní ni pé kí ọwọ́ pọ̀ tó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, òfin kò gbà kí olùtọ́jú kan wo ju ọmọ mẹ́ta lọ nínú àwọn tí kò tíì pé ọdún méjì. Èkejì ni pé kí ọwọ́ náà má máa yí padà, nítorí ojú tí ọmọ mọ̀ ni ara rẹ̀ ń balẹ̀ sí. Ẹ̀kẹta ni oúnjẹ, omi mímọ́, ọwọ́ tí a fọ̀, àti oorun: kí a dá ọmọ ọwọ́ dùbúlẹ̀ ní ẹ̀yìn rẹ̀, kí a má dà á dojú bolẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni eré: iyanrìn, omi, òkúta wẹ́wẹ́ tí a ń kà, orin tí a ń jó sí. Ẹ̀karùn-ún, èyí tí ó so gbogbo ìyókù pọ̀, ni ọ̀rọ̀: kí olùtọ́jú bá ọmọ sọ̀rọ̀, kí ó sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni èyí, kí ó gbọ́ ohun tí a ṣe ní ìlú Ypsilanti ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1962 dé 1967. A mú ọmọ aláwọ̀ dúdú 123 láti ìdílé aláìní. A fi 58 sí ilé ìtọ́jú tí ó péye, fún nǹkan bí wákàtí méjì àbọ̀ lójúmọ́, olùkọ́ sì ń lọ bá òbí nílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn 65 ìyókù kò rí irú rẹ̀. A tẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi pé ogójì ọdún. Àwọn tí a tọ́jú parí ilé-ìwé girama ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, owó iṣẹ́ wọn pọ̀ jù, ọlọ́pàá kò sì mú wọn tó àwọn ìyókù.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ó ń dùn mí. Nínú ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi wa, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọmọ sọ Yorùbá. Láti ọdún 1977 ni Ìlànà Ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ti sọ pé èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni kí a fi kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2022 Ìjọba Àpapọ̀ tún fi ọwọ́ sí ìlànà èdè tuntun. Ní oṣù Novẹ́ńbà ọdún 2025 ó kéde pé òun ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi lọ.

Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe sí ìtọ́jú fúnra rẹ̀. Olùtọ́jú tí owó oṣù rẹ̀ kéré, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì tó nǹkan, bí a bá gba Yorùbá lẹ́nu rẹ̀, kí ni yóò kù fún un láti bá ọmọ sọ? Jókòó! Dákẹ́! Dìde! Òun tí ìbá pa àlọ́, tí ìbá dárin, tí ìbá fi ọ̀rọ̀ rẹ ọmọ tí ń sunkún lẹ́kún, ó di apàṣẹ. Nígbà tí a bá lé èdè jáde, ìtọ́jú a bá a lọ.

Àwọn òbí a máa wí pé Gẹ̀ẹ́sì ni àkàbà tí ọmọ yóò gùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni a ń gbé àkàbà lé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ọdún 1970: wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Maori ní New Zealand pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n rí i pé èdè wọn ń kú lẹ́nu ọmọ, jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n sá tọ̀. Ní ọdún 1982 wọ́n ṣí èyí àkọ́kọ́, wọ́n pè é ní kōhanga reo, èyí ni ìtẹ́ èdè; àwọn àgbà tí wọ́n gbọ́ èdè náà ni wọ́n sì ń bá ọmọ sọ ọ́ níbẹ̀. Kí ọdún 15 tó pé, irú ilé bẹ́ẹ̀ ti ju 600 lọ.

Ẹ̀yin ìjòyè, ìjọba kò jókòó sí ẹnu ọ̀nà gbogbo àdúgbò. Ẹ̀yin ni ẹ wà níbẹ̀. Ẹ wọ jẹ́lé-ó-sinmi tí ó wà ní àdúgbò yín. Ẹ béèrè pé ọmọ mélòó ni ó wà lábẹ́ ọwọ́ kan, ibo ni wọ́n ń sùn, ìgbà wo ni wọ́n ń ṣeré, èló ni a ń san fún ẹni tí ń wò wọ́n, èdè wo ni ó fi ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Ẹ bá àwọn ìyálọ́jà gbìmọ̀ kí irú ilé bẹ́ẹ̀ wà létí ọjà, kí ìyá lè dé ibẹ̀ fún ọmọ lọ́mú. Kí àwọn ìyá àgbà tí ó ráyè sì máa lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti pàlọ́.

Láti kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Kí ilé sinmi, kí ara sì tu ọmọ, ṣùgbọ́n kí èdè wa má sinmi lẹ́nu rẹ̀.