Ọjọ́ Tí A Lọ sí Àgbádárìgì
(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogboogbò àjọ̀dún ọdún kẹwàá)

  

Wọ́n ní kí ọ́fíìsì Alukoro sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ẹgbẹ́ ti ṣe láti ọdún mẹ́wàá. Ojúde Ọba, aṣọ, ẹṣin, ìlù, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú àwòrán tó kún inú ìwé yìí, ẹ wò ó níbẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ọjọ́ Sátidé tí a wọ bọ́ọ̀sì kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Àgbádárìgì lọ́dún tó kọjá.

Ẹ rántí pé àríyànjiyàn ló kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Àwọn kan ní kí ni ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún ń wá létí òkun. Akápò wa ní owó bọ́ọ̀sì yẹn á ra àga sí gbọ̀ngàn ìlú. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ báńkì nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ̀yìn Akápò la wà. Ìbò mẹ́ta péré ni wọ́n fi borí wa.

Aago mẹ́fà àárọ̀ la ní kí gbogbo ènìyàn pé. Ó ku díẹ̀ kí aago méje lù kí awakọ̀ tó tan ẹ́ńjìnnì, torí pé ẹnì kan ṣì ń dúró de mọ́ínmọ́ín tí ìyàwó rẹ̀ ń sè. Bí a ṣe fẹ́ gbéra ni ọ̀kan nínú wa gun ọ̀kadà dé. Kò wọ aṣọ ẹgbẹ́, kò gbé báàgì. Ó ní Akọ̀wé lòun fẹ́ rí, òun kò ní pẹ́. Wọ́n fà á wọlé, wọ́n ní kó wá rí Akọ̀wé nínú bọ́ọ̀sì. A kò mọ̀ pé àpòòwé kan wà lápò rẹ̀.

A gba Ṣàgámù já sí ọ̀nà Èkó, a gba Òṣòdì dé Máìlì Tù. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Máìlì Tù sí Àgbádárìgì mọ̀ pé kì í jẹ́ kéèyàn kánjú. Tí kòtò bá tán, ọlọ́pàá ni. Tí ọlọ́pàá bá tán, aṣọ́bodè ni, torí ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ ni. Aṣọ́bodè kan yọjú wọ bọ́ọ̀sì, ó wò wá látòkèdélẹ̀, ó ní ṣé òkú ta la ń lọ sin. A ní fàájì la ń lọ ṣe. Kò gbà wá gbọ́.

Ìfàfalẹ̀ yẹn gan-an ló sì dára. Ní ìpàdé, wákàtí méjì la fi ń rí ara wa: ìwé ìpàdé, owó oṣù, àdúrà ìparí, ó tán. Nínú bọ́ọ̀sì, a jẹ mọ́ínmọ́ín, a sùn, a jí, ọ̀rọ̀ ń fa ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé méjì nínú wa ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kan náà láti ọdún mẹ́ta, ẹnì kìn-ín-ní kò sì mọ̀ nípa ẹnì kejì. Ilé wọn kò jìnnà síra o.

Nígbà tí a dé, a gun ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ parí ní 1845. A dé ibi tí igi Agíà wà tẹ́lẹ̀, igi tí wọ́n wàásù ìhìnrere lábẹ́ rẹ̀ ní 1842. Igi náà wó ní 1959, òkúta ìrántí ló rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà la dé ilé Sẹ̀ríkì Williams Abass. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n tà á lẹ́rú, ó dé Bràsíl, ó padà wálé, òun náà sì di ẹni tó ń ta ènìyàn. Ẹni tó ń mú wa rìn ní ogójì ènìyàn ni wọ́n ń há mọ́ inú yàrá kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tàlélógún ni wá. A ní ká wọ inú yàrá kan wò. A wọ̀ ọ́, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè yí sí, ooru mú wa, a sá jáde. Ẹnì kan bèèrè bóyá Ìjẹ̀bú wà nínú òwò yìí. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ni kò sí níbẹ̀?” A dákẹ́.

A wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà sí Gbẹ̀rẹ̀fù. A fẹsẹ̀ rin inú iyanrìn, a rí kànga tí wọ́n ní wọ́n ń fún àwọn ẹrú mu nínú omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé, títí a fi dé etí òkun, níbi tí ẹni tó bá ti kọjá kì í padà mọ́. A ra àgbọn, a jókòó. Ibẹ̀ ni akẹgbẹ́ wa ti yọ àpòòwé náà fún Akọ̀wé. Ìwé ìfipò-ọmọ-ẹgbẹ́-sílẹ̀ ni.

Ó ti fún wa láyè kí a sọ ọ́ lónìí. Ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ti kógbá wọlé láti oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì Alukoro ló ń gbé orúkọ àwọn tó jẹ owó oṣù sórí WhatsApp ẹgbẹ́ ní gbogbo ìparí oṣù. Tirẹ̀ ló máa ń wà lókè. A tilẹ̀ máa ń fi àwòrán ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá la ṣe bẹ́ẹ̀. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lórí iyanrìn náà, a sì tún ń tọrọ rẹ̀ níbí.

Akápò ló gba àpòòwé lọ́wọ́ Akọ̀wé. Ó kì í bọ àpò ara rẹ̀, ó ní ìwé yìí kò dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́, ó wá gé àgbọn fún un. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ọkùnrin náà sùn láti Àgbárá títí dé Ṣàgámù.

Àbá tó wà níwájú yín lónìí ti ọjọ́ yẹn wá: kí ẹni méjì máa lọ sílé ẹni tí kò bá sanwó fún oṣù mẹ́ta, dípò kí a máa gbé orúkọ rẹ̀ síta. Àwọn tó lòdì sí i ní gbèsè á pọ̀ sí i, àti pé ẹgbẹ́ kì í ṣe ilé àánú. Ẹ̀rù wọn kò ṣàìnídìí, torí owó oṣù tí kò wọlé ni kò jẹ́ ká tíì ra àga gbọ̀ngàn títí di òní. Ṣùgbọ́n ní báńkì pàápàá, a máa ń lọ wo ṣọ́ọ̀bù oníbàárà kí a tó pè é ní ajẹgbèsè. Ìbò wa ti kúrò lẹ́yìn Akápò àtijọ́ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Akápò fúnra rẹ̀ kò tíì sọ ibi tó wà.

Akẹgbẹ́ wa kò tíì rí iṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí, ó wọ aṣọ àjọ̀dún bíi gbogbo wa. Ẹni tó san owó aṣọ náà kò sí nínú ìwé ẹgbẹ́. A bi Akápò, ó ní ká lọ bójú tó ìwé ìròyìn wa.