Gìtá Àtijọ́ Tí Ń Bẹ Lórí Àjà

Àwọn olóyè ẹgbẹ́ wa ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ohun tí yóò ṣe ìlú láǹfààní. Bóyá ọ̀rọ̀ omi tàbí ti ọ̀nà ni ẹ ń retí. Ẹ forí jì wá. Gìtá ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Kì í ṣe gìtá oníná o. Ti àtijọ́ ni, èyí tí àyà rẹ̀ yọ bí ẹ̀yìn ahun, tí a sì gé ihò méjì sí i lójú, lọ́tùn-ún àti lósì, bí lẹ́tà f. Archtop ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Lẹ́yìn 1890 ni Orville Gibson, ní ìlú Kalamazoo ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ àyà gìtá láti ara igi tí ó nípọn, bí àwọn tí ń ṣe violin ti ń ṣe. Ní 1922 ni ilé iṣẹ́ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ gbé irú kan tí wọ́n ń pè ní L-5 jáde. Lloyd Loar ni ó darí iṣẹ́ náà. Nígbà náà kò tí ì sí ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn gìtá sókè, bẹ́ẹ̀ ni ìlù àti fèrè sì ń bò ó mọ́lẹ̀. Ara igi gbígbẹ́ yìí ni agbára rẹ̀ wà. Freddie Green ta irú gìtá bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ olórin Count Basie láti 1937 títí ó fi kú ní 1987, kì í sì í sábà fi iná kún un.

Kí ni ó dé tí wọ́n fi ń wá wọn kiri lónìí? Wọ́n gbà pé igi tí ó ti gbẹ fún ọgọ́rin ọdún a máa fọhùn lọ́nà tí igi titun kò lè gbà fọhùn. Ọwọ́ tí ó gbẹ́ ẹ kò sì sí mọ́: John D'Angelico ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní New York ní 1932, ó kú ní 1964, ohun tí ó sì fi sílẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún kan àti díẹ̀ lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni a ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lójú tiwa, ìdajì owó náà, ìfẹ́ ọkàn lásán ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ẹni tí ó fẹ́ràn nǹkan jà?

Àwọn kan nínú àwọn àgbà wa lè wí pé ohun èlò ọlọ́tí ni, pé ìlú onílù ni tiwa. Ẹ jẹ́ kí a rántí Ayinde Bakare. Èkó ni a bí i sí ní 1912, ṣùgbọ́n ọmọ Ajíkòbí ní Ìlọrin ni bàbá rẹ̀. Ní 1937 ó ti kọrin sínú àwo fún His Master's Voice. Ní 1949 ó fi gìtá kékeré rẹ̀ sílẹ̀, ó mú gìtá àpótí, ó sì fi ẹ̀rọ agbóhùn mọ́ ọn lára, tí gbogbo òde fi gbọ́ ọ. Orin jùjú kò padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọmọ wa náà ni.

A óò jẹ́wọ́ ẹ̀bi tiwa. Bàbá kan nínú ẹbí wa ṣiṣẹ́ ní Èkó, ó sì mú gìtá kan bọ̀ wálé. Àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá nìkan ni ó fi ń ta á, bí àwọn atukọ̀ Kru ti kọ́ àwọn ará etíkun. Nígbà tí ó kú, a pín ẹ̀wù, a pín kẹ̀kẹ́, a pín rédíò. Ẹnikẹ́ni kò béèrè gìtá. A sọ ọ́ sórí àjà lókè ààrò, èéfín ń kùn ún. Lọ́jọ́ kan ẹni tí ń ra àlòkù kiri san owó tí kò tó ra àkùkọ, ó gbé e lọ. Àwa fúnra wa ni a gun àkàbà gbé e sọ̀kalẹ̀ fún un. Nígbà tí ọmọ ọmọ bàbá náà, tí a bí sí London, dé, tí ó ní òun fẹ́ rí ohun tí bàbá àgbà fi ń kọrin, ìṣó ara ògiri tí ó máa ń fi í kọ́ ni a rí fi hàn án.

Ẹ má rò pé gbogbo gìtá àtijọ́ ni yóò kọ́ ilé fún yín. Àwọn Höfner àti Framus wá láti Jámánì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí owó wọn kéré ni a sì fi ẹ̀rọ tẹ̀, a kò gbẹ́ wọn. Síbẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò rẹ̀: bébà tí a lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ ni ó máa ń sọ ilé iṣẹ́ àti nọ́mbà. Ẹ má ha á. Ẹ má fi ọ̀dà titun kùn ún. Ọ̀dà àtijọ́ tí ó ti sán ni àwọn olùrà ń fẹ́. Bí ọrùn rẹ̀ bá yẹ̀, ẹ má jẹ́ kí káfíńtà kan ìṣó mọ́ ọn. Gọ́ọ̀mù tí a sè láti inú awọ ẹran ni àwọn àgbà oníṣẹ́ fi so ó. Omi gbígbóná díẹ̀ lè tú u, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún un so. Oyè ìhà tiwa yìí sì burú fún un. Ẹ dẹ okùn rẹ̀, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e jìnnà sí ààrò àti ikán.

Láti 2009 ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwárà ti wà ní Malete níbí, ó sì ní ibùdó fún àwọn ìwé àfọwọ́kọ àti àṣà Ìlọrin. Bí ìwé inú àpótí àwọn baba wa bá yẹ ní ìtọ́jú, a kò rí ìdí tí ohun èlò orin wọn kò fi yẹ. A bẹ ẹgbẹ́ kí ó fi yàrá kan sílẹ̀ fún wọn.

Ọ̀kan ti dé ná. Obìnrin kan gbé e tọ̀ wá wá ní oṣù tí ó kọjá, ó sì kọ̀, kò gba owó. Aáyán ti jẹ ìdajì bébà inú rẹ̀, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò sán. Okùn méjì ni ó kù lára rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń padà sí òkè òkun, mẹ́rin yòókù ni a ń wá.